Ẹ Bi Àgbẹ̀: Greenhouse Àlòkù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹnìkan ní Ìkìrun fẹ́ ta greenhouse (ilé onípáìpù tí wọ́n fi ọ̀rá bò) tó fi ń gbin tòmátì fún mi. Mo fẹ́ tú u, kí n kó o wá sí Òṣogbo. Kí ni kí n yẹ̀ wò?
Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, páìpù ni kí ẹ sanwó fún. Oòrùn á ti jẹ ọ̀rá tó bò ó. Tuntun lẹ máa rà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ìdí páìpù níbi tó ti wọlẹ̀, ibẹ̀ ló sábà máa ń dógùn-ún sí. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà kan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe tò ó padà. Èyí tó ká mi lára jù rèé: ẹ fọ erùpẹ̀ ara páìpù dànù ní Ìkìrun níbẹ̀. Inú ilẹ̀ ni àrùn tó ń mú tòmátì rọ lójijì ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o wálé.