Ẹ Bi Bàbá Ṣéènì: Ṣé ìlú méjì ló ń gba VAT lórí ṣọ́ọ̀kì kan ni?

Mókọ́lá n'Ìbàdàn ni Bàbá Ṣéènì ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, lórí Honda CG125. Abẹ́ afárá rélùwéè kan ní Peckham, London, ló ti ń tún alùpùpù ṣe báyìí. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ páàtì tó ń ti ilẹ̀ mìíràn dé ló kún inú lẹ́tà yín.

Ọ̀gá mi, mo kí yín o. Thamesmead ni mò ń gbé, BMW F 650 GS ọdún 2002 ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú. Bí mo bá bọ́ sí kòtò, gbogbo eegun ẹ̀yìn mi ló ń dáhùn. Mo rí tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Jámánì, €238, owó ìfiránṣẹ́ €20. Mo sanwó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, àwọn agbẹ́rù fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n san £55.86 kí wọ́n tó gbé e wá. Wọ́n ní £43.86 jẹ́ VAT, ìyẹn owó-orí ọjà, £12 tó kù sì jẹ́ owó iṣẹ́ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ rèé, mo wo rìsíìtì tí ará Jámánì fún mi, VAT 19% wà lórí rẹ̀ kedere! Ṣé ìlú méjì ló yẹ kó gba VAT lórí ṣọ́ọ̀kì kan ni? Ní 2019, mo ra bíréèkì ní ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà, kò sẹ́ni tó béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà.
*Ẹ̀yìn Ń Ro Mí, Thamesmead*

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ ìrora ṣọ́ọ̀kì tó ti kú. Ṣùgbọ́n fi àwọn agbẹ́rù sílẹ̀ ná, wọn ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan. Ọwọ́ ará Jámánì tó ta ọjà fún ọ lowó rẹ wà.

Títí di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, kí ẹrù kúrò ní Berlin wá sí Thamesmead kò yàtọ̀ sí kó kúrò ní Mókọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti ìparí oṣù Kínní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n oṣù mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi ká ẹní. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi lé ọ ní 2019: VAT ti wà nínú iye tó o san fún bíréèkì yẹn, ó sì tán síbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2021 ni ẹrù tó ń ti Jámánì bọ̀ ti di ẹrù òkèèrè, bí ẹni pé Japan tàbí Amẹ́ríkà ló ti wá. Ìlú tí ẹrù òkèèrè bá ń wọ̀ ló sì ń gba VAT, 20% níhìn-ín. Òfin gba ẹni tó tà á láyè láti yọ VAT ìlú tirẹ̀ kúrò kó tó di í.

Ará Jámánì yìí kò yọ ọ́. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kì í ṣe pé kó o yọ 19% nínú 238 o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. 238 ni kó o pín sí 1.19, ó máa jẹ́ €200 géérégé. €38 ni VAT Jámánì tó jókòó sínú iye tó o san. Wàyí o, àwọn agbẹ́rù mú €238, wọ́n fi €20 owó ìfiránṣẹ́ kún un (wọ́n ń gba VAT lórí ìyẹn náà, bó ṣe wà nínú òfin nìyẹn), wọ́n fi 85p ka yúró kan. Ó jẹ́ £219.30. 20% rẹ̀ ni £43.86 tí wọ́n bi ọ́ léèrè. Ká ní wọ́n ti yọ tọ̀hún kúrò ni, £187 ni wọn ì bá ṣírò lé lórí, VAT rẹ̀ ì bá sì jẹ́ £37.40. Nítorí náà, £32.30, ìyẹn €38 yẹn, ló dúró sí Jámánì, £6.46 ló lé lórí ti ìhín. O san VAT lórí VAT.

Kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù náà lónìí. So ìwé tí àwọn agbẹ́rù fún ọ mọ́ ọn, èyí tó fi hàn pé ẹrù náà jáde ní Yúróòpù, àti pé o sanwó rẹ̀ níbí, kó o ní kí wọ́n dá €38 rẹ padà. Àwọn kan á dá a padà lọ́jọ́ kejì. Àwọn mìíràn á ní ó wà nínú àdéhùn àwọn pé àwọn kì í yọ VAT. Bí tìrẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, fi owó yẹn kọ́gbọ́n, má sì padà sí ọ̀dọ̀ wọn. £6.46 ọ̀hún, gbàgbé rẹ̀. £12 àwọn agbẹ́rù náà ò ní í padà, torí àwọn ló bá ọ san VAT ní ibodè kó o tó san án fún wọn. Royal Mail, àwọn póòsì ìhín, gba £8 lọ́wọ́ èmi náà nítorí gáskẹ́ẹ̀tì kan tí kò wúwo tó lẹ́tà.

Bó o bá tún fẹ́ ra nǹkan, kọ́kọ́ yí orílẹ̀-èdè tí wọ́n máa gbé e lọ sí United Kingdom lójú ìwé ìtajà wọn, kó o tó fọwọ́ kan káàdì. Bí iye bá já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Bí kò bá yí, béèrè.

O ò sọ̀rọ̀ owó ibodè, èyí tó yàtọ̀ sí VAT, mo sì rí i pé wọn ò gbà á. Orí bá ọ ṣe é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù fẹnu kò ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2020 pé ohun tí wọ́n bá ṣe ní ilẹ̀ ẹnì kìíní kò ní í san owó ibodè ní ilẹ̀ ẹnì kejì, bí ẹni tó tà á bá kọ ọ́ sórí ínfọ́ìsì pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Kíyè sí i: ibi tí wọ́n ti *ṣe* é ni mo wí, n kò wí ibi tí wọ́n ti *tà* á. Páàtì tí wọ́n bí ní Taiwan kì í torí pé ó sùn ní Hamburg kó wá di ará Jámánì. Ẹni tó ń wá páàtì Yamaha àtijọ́ ló yẹ kó ronú sí èyí jù. Netherlands la máa ń sá lọ tẹ́lẹ̀, torí ibodè ò sí láàárín wa. Ní báyìí, Netherlands àti Japan ti di ọgbọọgba lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, èmi sì ti ń rà á ní Japan tààrà.

Ohun tó ká mi lára jù kò sí nínú lẹ́tà rẹ, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́, torí àwọn ẹlòmíì máa bá a pàdé: ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Bí iye ọjà tó o rà ní ṣọ́ọ̀bù kò bá ju £135 lọ, kì í ṣe ibodè ni wọ́n ti ń gba VAT rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó gba 20% lọ́wọ́ rẹ, kó sì kó o fún wọn. Ronú kan onísọ́ọ̀bù kékeré kan, òun àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń ta rọ́bà kabúrétọ̀. Ta ló fẹ́ jẹ́ agbowó-orí fún ìjọba ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀? Ní oṣù Kejì 2021, mo ń wá rọ́bà kabúrétọ̀ mẹ́rin fún alùpùpù oníbàárà mi kan, gbogbo rẹ̀ ò tó £60. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kọ̀ fún mi. Ẹnì kan nínú wọn, ará Netherlands, sọ lórí fóònù pé òun lè fi í ránṣẹ́ sí Èkó, òun lè fi í ránṣẹ́ sí Lima, ṣùgbọ́n London, ó tì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni alùpùpù yẹn fi wà lábẹ́ afárá mi láìlè dún. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni oníbàárà ń wá wò ó, tòun ti ìpápánu lọ́wọ́, bí ẹni tó wá kí aláìsàn ní ọsibítù.

Orí eBay ni mo ti padà rí i rà. Bí ọjà kò bá ju £135 lọ, àwọn tó ni ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ló ń gba VAT fúnra wọn, wọn ò dá a sí olùtajà lọ́rùn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n á ní àfi kó o ra ohun tó ju £135 lọ, kí àwọn lè bọ́ lọ́wọ́ ìforúkọsílẹ̀. Èmi àti mẹkáníìkì méjì míì la máa ń da owó pọ̀ rà lọ́dọ̀ wọn. Owó ibodè ò sí lórí ohun tí kò ju £135 lọ, ṣùgbọ́n gbádùn rẹ̀ nísinsìnyí: ìjọba ti kéde nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì oṣù Kọkànlá 2025 pé àwọn máa mú àǹfààní yẹn kúrò, kò ní í ju oṣù Kẹta 2029 lọ.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ará Faransé kan fẹ́ ta táǹkì àlòkù fún mi, €90, ìfiránṣẹ́ €30. Ó ní òun máa kọ "ẹ̀bùn" sára páálí kí n má baà san nǹkan kan. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?
*Oní-táǹkì, Croydon*

Kò dáa. Ẹ̀bùn wo lo mọ̀ tó ń gba €90 lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún? Ká tiẹ̀ ní ẹ̀bùn ni lóòótọ́, £39 ni òpin ẹ̀bùn tí kò ní VAT. Bí páálí yẹn bá sọnù, iye tí ó bá kọ sára rẹ̀ náà ni wọ́n máa san fún ọ; bí ó bá kọ €10, táǹkì tí o fi €90 rà á wá di ti €10.

San owó rẹ̀. Ẹni tó ń ta tirẹ̀ nílé, tí kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù, kò gba VAT Faransé kankan lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà kò sí ohun tó fẹ́ yọ, ibí nìkan lo ti máa san: €120 jẹ́ £102, VAT £20.40, pẹ̀lú owó iṣẹ́ póòsì. Ohun tó yẹ kó o bá a sọ ni pé kó gbẹ gbogbo bẹntiróòlù inú rẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó sá a títí òórùn á fi kúrò. Bí ó bá ń rùn, wọn ò ní í gbé e.

Bí táǹkì náà kò bá ba alùpùpù rẹ mu, tó o sì dá a padà, VAT rẹ ṣeé gbà. Fọ́ọ̀mù BOR 286 ni o máa kọ bí Royal Mail tàbí Parcelforce ló gbé e wá, C285 bí agbẹ́rù mìíràn ni. Má ju ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí nù. Mo ti ju tèmi sínú iná rí.

Bàbá Ṣéènì, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lewisham. Ṣé kí ó ra pístìn Boxer mi ní Jámánì kó fi ránṣẹ́ sí mi n'Ìbàdàn?
*Ọlọ́kadà, Mọ́níyà*

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ san 20% ní London, kí ìwọ náà tún san 7.5% ní Nàìjíríà, lórí pístìn alùpùpù tí wọ́n ṣe ní India? Nnewi ni kó o ránṣẹ́ sí. Kí ẹ̀gbọ́n fi owó náà ránṣẹ́ sí ọ.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Drogheda ní ilẹ̀ Ireland là ń gbé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Bàbá Ìbejì ti máa ń ra ṣéènì àti sipirókẹ́ẹ̀tì Honda wọn, £120 pẹ̀lú £15 ìfiránṣẹ́. Eléyìí tó dé kẹ́yìn, a tún san VAT Ireland lé e. Ṣọ́ọ̀bù kejì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ní àwọn kì í fi ọjà ránṣẹ́ sí Ireland mọ́ rárá. Kí ni ká ṣe?
*Ìyá Ìbejì, Drogheda*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ará Thamesmead sọ ni, wọ́n kàn yí ojú rẹ̀ padà ni. £120 yẹn, VAT ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì £20 wà nínú rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá yọ ọ́, £100 àti £15, ẹ fi 23% ti Ireland lé e, £141.45. Bí wọn ò bá yọ ọ́, ó di £166.05, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ agbẹ́rù. Tẹ́lẹ̀, £135 péré ni. Owó ibodè kò tíì wọ̀ ọ́, nítorí títí di ìparí oṣù Kẹfà 2026, ọjà tí kò tó €150 kì í san án. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí wọ́n ti ṣe ṣéènì ni wọ́n máa wò, ṣéènì tí wọ́n ṣe ní Japan kò sì di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì torí pé Birmingham ló ti wọ ọkọ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òfin ààbò ọjà tí Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2024 ló lé wọn. Ó ní kí olùtajà òkèèrè ní ẹni tó máa dáhùn fún ọjà rẹ̀ nínú Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré níbí kò lè san owó irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra á ní Jámánì tàbí ní Italy, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù láàárín ẹ̀yin àti wọn. Tàbí kẹ́ ẹ ṣe èyí tí èmi ì bá ṣe: ẹ wọ òpópónà M1, ẹ kọjá Dundalk, ẹ lọ sí Newry. Àríwá Ireland wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òfin ọjà Yúróòpù ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé níbẹ̀, kò sì sí aṣọ́bodè lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín rà ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, VAT kan ṣoṣo lẹ máa san, ẹ ó sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ bọ̀ nílé. Kò tó wákàtí kan.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ka eyín sipirókẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ṣéènì sílẹ̀. Bàbá Ìbejì á ní àwọn mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ ṣáà kà á.