Wọn Ò Gbọ́ Béèsì Mi: Ṣé Áḿpù Ńlá Ni Kí N Rà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta gìtá béèsì nínú báǹdì kan ní Òṣogbo. Kọ́píràìtì la máa ń ṣe lóde: jùjú àtijọ́, haílàìfù, orin ìyìn, àti orin òyìnbó díẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò bá ń jẹun. Bí a bá ti ṣeré tán, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò fún ọ̀gá wa: "A ò gbọ́ béèsì." Áḿpù wáàtì 100 ni mò ń lò, mo sì ti yí bọ́tìnì bass rẹ̀ dé òpin. Oníṣòwò kan ní kí n wá ra wáàtì 300 lọ́wọ́ òun, pé òun á fi bústà sí i, òun á sì yọ fíúsì inú rẹ̀ kí agbára lè jáde dáadáa. Oníbéèsì kan tó jù mí lọ ní olókùn márùn-ún ló yẹ kí n rà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Etí mi náà máa ń hó lẹ́yìn òde, wọ́n ní kí n máa kán àdí sí i. Ìka mi sì ń bó.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má ra ìkankan. Fi owó rẹ sápò ná.

Kí n má purọ́, mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí o ti ní o yí bọ́tìnì bass dé òpin, mo sì gbé e kalẹ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ìyókù, ìgbà tí mo jẹun tán ni mo tó kà á. Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Láti ìgbà Ìléyá, ẹ ti tó méje, mẹ́ta nínú yín ló sì ti ra áḿpù tán kó tó wá béèrè.

Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo yín ni pé béèsì ni ìró ìsàlẹ̀, nítorí náà bí wọn ò bá gbọ́ béèsì, ìró ìsàlẹ̀ ni kó pọ̀ sí i. Ó jọ òótọ́. Irọ́ ni.

Gbé fóònù rẹ. Fi orin kan sí i tí béèsì rẹ̀ dùn mọ́ ọ, bóyá èyí tí ò ń kọ́ sílẹ̀ de òde Sátidé. Má lo yíápíìsì, jẹ́ kó ti inú sípíkà fóònù jáde. Ṣé o gbọ́ ohun tí oníbéèsì ń ta? O gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí fóònù yẹn gan-an lo ti kọ́ ọ. Ó dáa. Okùn E, èyí tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin, bí o bá ta á láìtẹ̀ ẹ́, bí ìgbà 41 ló ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ni wọ́n ń pè ní Hertz 41. Sípíkà fóònù tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ kò lè gbé Hertz 41 jáde láéláé. Kí wá lo gbọ́?

Àwọn ọmọ rẹ̀ lo gbọ́. Okùn kì í dún ní ìró kan ṣoṣo. Bó ṣe ń gbọ̀n ní 41 náà ló ń gbọ̀n ní 82, ní 123, ní 164, tó ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀. Etí rẹ gbọ́ àwọn ọmọ, ọpọlọ rẹ sì mọ ìyá tó bí wọn láìrí i. Bí a ṣe ń gbọ́ béèsì nìyẹn, lórí fóònù àti lábẹ́ kanópì. Àwọn ọmọ ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìka kan ń rìn níbẹ̀, pé orin ti yí síbòmíràn. Ìyá ní tirẹ̀, àyà ló ń lù.

Wá wo ohun tí o ṣe. O yí bass dé òpin. Bọ́tìnì mid, èyí tó ń darí ìró àárín tí àwọn ọmọ ń gbé, mo mọ̀ láìwò ó pé o ti yí i wálẹ̀ pátápátá, torí pé nínú yàrá, tó bá ku ìwọ nìkan, béèsì tí kò ní àárín a máa dùn bí oyin. O lé àwọn ọmọ jáde, o wá ń bọ́ ìyá yó. Ibi tí ìyá wà sì rèé, ọjà tó kún ni. Ìlù ńlá tí onídúrọ́ọ̀mù ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wà níbẹ̀. Àkúbà tó tóbi wà nítòsí. Ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gan-an tó ń kùn lẹ́yìn kanópì, apá ibẹ̀ lòun náà ń gbé. Ta ni yóò rí ọ?

Etí ọmọ èèyàn pàápàá kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ ìró méjì, ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé etí wa wúwo sí ìró ìsàlẹ̀, pé ó gbọ́dọ̀ lágbára gan-an kó tó dọ́gba létí wa pẹ̀lú ìró àárín. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì bass fi ń jẹ áḿpù lágbára tí kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó jẹ.

Ọ̀rọ̀ wáàtì wá ńkọ́? Bí o bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré (decibel ni wọ́n fi ń wọn ariwo) ló fi kún ìró. Kí etí tó gbà pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Láti 100 sí 300, àfikún rẹ̀ kò pé decibel 5. O ò sọ iye tí oníṣòwò yẹn ní kí o mú wá, má sì sọ ọ́ fún mi.

Mi ò sọ pé wáàtì 100 tó fún pápá o. Kò tó. Àmọ́ ìwọ àti onídúrọ́ọ̀mù ni áḿpù rẹ wà fún, sípíkà ńlá ti onísáùǹdì ló wà fún àwùjọ. Wo ẹ̀yìn áḿpù rẹ bóyá o máa rí ihò tí wọ́n kọ D.I. tàbí Line Out sí. Ibẹ̀ ni wáyà yóò ti lọ sínú mísà, ẹ̀rọ tí onísáùǹdì fi ń po gbogbo ìró pọ̀. Bí kò bá sí, wá àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní D.I. box, òun ni yóò gbé ìró gìtá rẹ lọ sínú mísà, kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó áḿpù.

Mo jìyà ọ̀rọ̀ yìí kí n tó gbọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, mo kó owó àjọ, mo fi ra àpótí kan tí sípíkà inú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 18. Èèyàn méjì ló ń gbé e. Ní òde ìsìnkú kan ní Ìkòròdú, gíláàsì ń jó lórí tábìlì, àwọn ìyá àgbà ń di àyà mú. Nígbà tí a dá dúró jẹun, ọ̀gá mi rìn wá bá mi, ó ní, "Ṣé ara rẹ ò yá ni? O ò ta béèsì lónìí."

Nítorí náà, ṣe báyìí. Yí gbogbo bọ́tìnì sí àárín, bí ọwọ́ aago méjìlá. Dín bass kù sí bí aago mọ́kànlá tàbí mẹ́wàá. Fi kún mid. Bí mid rẹ bá pín sí méjì, low mid ni kí o kọ́kọ́ fi kún. Bí o bá dá ta á, yóò dún bí ẹni ń lu ìkòkò òfìfo, inú rẹ ò ní dùn sí i rárá. Má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí àwọn tó kù wọlé ná, kí o tó dájọ́. Gbé áḿpù sórí kèrétì mínírà méjì, torí pé nílẹ̀ tó wà yẹn, orúnkún rẹ ló ń bá sọ̀rọ̀, orúnkún kò sì létí. Má sún un mọ́ kọ̀rọ̀ gbọ̀ngán, ìró ìsàlẹ̀ a máa wú níbẹ̀ bí ẹ̀kọ tó fẹ́ hó dànù. Lẹ́yìn náà kí o rán ẹnìkan tó mọ orin lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù, kó sọ ohun tó gbọ́ fún ọ. Ohun tí ìwọ gbọ́ lórí ìtàgé kò ka nǹkan.

Ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù yẹn ńkọ́? Ìdajì wàhálà yín, mo lè búra, òun ni. Ọ̀pọ̀ wọn ni ṣọ́ọ̀ṣì kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní oníbéèsì, ọwọ́ òsì wọn ló ń ṣe béèsì látìgbà èwe. Kì í ṣe ìwà burúkú. Àmọ́ kí o bá a sọ ọ́ nílé, nígbà ìdánrawò, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe lójú agbo. Sọ fún un pé kó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ gòkè ní ọ̀nà kan, tàbí kó fi í sápò nígbà tí àwọn ìlù bá gbóná. Ìwọ náà, má máa ta gbogbo àyè tí o bá rí. Lọ gbọ́ àpàlà Haruna Ishola. Àgídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ béèsì níbẹ̀, igi àti irin pẹlẹbẹ lásán, láàárín ìlù tó ń fọhùn. Etí rẹ ń bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí pé ìró rẹ̀ ní àárín, àwọn onílù sì fi àyè sílẹ̀ fún un.

Olókùn márùn-ún: okùn karùn-ún, B, Hertz 31 ni. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ ní 41, kí lo fẹ́ lọ ṣe ní 31? Ó wúlò bí akọrin yín bá ń já orin sílẹ̀ sí E flat tàbí D tí o sì nílò ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Fún ìyẹn, rà á lọ́jọ́ iwájú. James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin Motown, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà, tí ẹ ń ṣe kọ́píràìtì rẹ̀, okùn mẹ́rin ló lò, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń ta wọ́n.

Okùn tó ti pẹ́ lára gìtá náà a máa pa àwọn ọmọ tí mo wí. Pààrọ̀ rẹ̀. Bí owó ò bá sí, wọ́n ń sè é nínú omi, òótọ́ sì ni ìyẹn: ó ń fọ ọ̀rá àti ìdọ̀tí kúrò, ó sì ń ta yọ fún ìgbà díẹ̀. Nù ún gbẹ dáadáa, kó má dógùn-ún.

Ní ti ẹni tó fẹ́ yọ fíúsì: sá fún un. Fíúsì ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò sí agbára kankan tó há sẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá yọ ọ́ tí o fi wáyà lásán dí i, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, áḿpù ni yóò jó, tàbí kanópì, tàbí ìwọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o wo iye ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) tí wọ́n kọ sẹ́yìn áḿpù kí o tó so sípíkà kejì mọ́ ọn. Méjì tó jẹ́ 8 máa ń di 4, méjì tó jẹ́ 4 máa ń di 2, ọ̀pọ̀ áḿpù ni kò sì lè ru 2. Bí ẹnu rẹ bá kan máìkì tí iná sì gbé ọ díẹ̀, dá eré dúró, má ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Kí oníná tó mọṣẹ́ wo jẹnẹrétọ̀ àti wáyà ilẹ̀ rẹ̀. Oníbéèsì lèmi, mi kì í ṣe oníná, ohun tí o bá fọwọ́ ara rẹ tú lórí ìmọ̀ràn yìí, mi ò sí níbẹ̀ o.

Etí. Mi kì í ṣe dókítà, nítorí náà lọ rí dókítà etí lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀. Má kán àdí sí i, má kán ohunkóhun sí i. Ibi tí ariwo ti ń ṣe etí léṣe jìn sínú ju ibi tí epo lè dé, ohun tó bá sì ti kú níbẹ̀ kì í jí mọ́. Ìwọ̀n tí NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fi lélẹ̀ ni decibel 85 fún wákàtí mẹ́jọ. Bó bá ti fi 3 lé sí i, àkókò yóò já sí ìdajì, tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ìwọ ń dúró ti dúrọ́ọ̀mù fún wákàtí márùn-ún. Ra ìdítí tí wọ́n ṣe fún olórin. Òwú kò tó.

Ìka rẹ ń bó nítorí pé o ò gbọ́ ara rẹ, o wá ń fi agbára ha okùn bí ẹni ń họ̀gẹ̀dẹ̀. Bí o bá ti tún bọ́tìnì wọ̀nyẹn ṣe, rọra ta á, yóò jinná.