Printer tó ń sọnù tí iná bá ti lọ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó padà dé, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín kì í rí printer mọ́, á kàn máa kọ offline. Printer yẹn ò bàjẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín. Ó jọ pé router, àpótí tó ń pín network, ló ń fún un ní IP tuntun, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lórí network, tí àwọn kọ̀ǹpútà ṣì ń wá a lọ síbi àtijọ́. Ohun tó ṣe wá ní Òkè-Fìà nìyẹn, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbé flash kiri. Ẹ tẹ configuration page, ìwé tó ń fi ètò printer hàn, jáde lára printer, ẹ wo MAC address, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kẹ́ ẹ wọ DHCP reservation nínú router, ibi tí wọ́n ti ń fi IP kan pamọ́ fún ẹ̀rọ kan, kẹ́ ẹ so IP kan mọ́ MAC address yẹn, bíi 192.168.1.50. Lẹ́yìn náà ẹ fi IP yẹn add printer lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ yan TCP/IP, ìyẹn ọ̀nà network, kẹ́ ẹ fi port 9100 sí i, ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà wọ printer. Tí iṣẹ́ bá ti há sínú queue, ìlà àwọn iṣẹ́ tó ń dúró, ẹ restart Print Spooler, ètò Windows tó ń darí ìlà yẹn.