Kòkòrò aláwọ̀ aṣọ sójà tó lẹ̀ mọ́ ògiri yín

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Láàárọ̀ àná mo rí kòkòrò ńlá kan lábẹ́ gílóòbù, àwọ̀ ẹ̀ bí aṣọ sójà gẹ́lẹ́, mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Òdòdó Oleander tí mo gbìn síwájú ilé náà, ewé ẹ̀ ti ń tán. Ṣé òun ló ń jẹ ẹ́? Ṣé kò ní ṣe àwọn ọmọ mi ní nǹkan?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán mà. Àfòpiná ni o, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Daphnis nerii, ó sì rẹwà gan-an. Iná ló tàn án dé ara ògiri, àárín ewé ló yẹ kó wà lọ́sàn-án, níbẹ̀ ẹ lè wò ó títí kẹ́ ẹ má rí i.

Àmọ́ òun kọ́ ló ń jẹ ewé yín, omi dídùn inú òdòdó ló ń fà mu lálẹ́, ọmọ ẹ̀ ni ẹ wá. Ìyá á yé ẹyin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ewé tútù, ọjọ́ díẹ̀ sí i á pa, kòkòrò kékeré tó ní ìwo dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí á jáde, bó ṣe ń jẹun lá máa bọ́ awọ, tá á fi di àwọ̀ ewé, ìwo yẹn á sì kúrú. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á tẹ orí ba, ojú búlúù méjì á là sí yín, ẹ má bẹ̀rù, ojú ayédèrú ni, ẹyẹ ló fi ń dẹ́rù bà. Tó bá yó tán á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sọ̀kalẹ̀ wọ abẹ́ ewé gbígbẹ, ibẹ̀ lá ti sé ara ẹ̀ mọ́ inú èèpo, kò ní jẹ kò ní mu títí á fi di àfòpiná. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kí ẹ máa sun gbogbo ewé tẹ́ ẹ bá gbá.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fín òògùn. Ẹ wo ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú nílẹ̀, òkè ibẹ̀ gan-an ló wà, ẹ ṣa á kúrò, ewé á tún rú. Kì í ta èèyàn, kì í buni jẹ.

Oleander yẹn gan-an lẹ̀rù ń bà mí sí! Ìdílé kan náà ni òun àti asofẹ́yẹjẹ, ewé, òdòdó, igi ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ní májèlé tó ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú, kòkòrò yìí lè jẹ ẹ́ kó má kú, ọmọ èèyàn ò lè dán an wò, ewúrẹ́ náà ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ bá ṣa kòkòrò tán, kẹ́ ẹ sì wá ibòmíì gbìn ín sí tọ́wọ́ àwọn ọmọ ò ní tó. Tí ọmọ bá ti fi sẹ́nu, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ẹ mú ewé ẹ̀ dání kí dókítà rí i.