Zulu Tó Dà Bí Ẹni Eérú Bò, àti Àwọn Ìbéèrè Yín Mìíràn Lórí Ọ̀dà

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, àyè mi ò pọ̀, ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa: ère kékeré la fi ń ṣe eré ogun lórí tábìlì. A ó fi rúlà wọn ìrìn wọn, a ó ju dáìsì ká lè mọ ẹni tó ṣubú. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹnì kan ti ní láti jókòó kun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gan-an sì ni iṣẹ́ ojú ìwé yìí.

Mẹ́ta nínú àwọn tó kọ̀wé ló fi fọ́tò sí i. Gbogbo fọ́tò náà ni wọ́n yà ní ìtòsí débi pé mò ń rí ihò imú ọmọ ogun tí gbogbo gíga rẹ̀ ò ju mílímítà 28 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá dúró ti tábìlì kì í sábà súnmọ́ ère ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń wo iṣẹ́ tèmi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti máa dáhùn yín.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ogójì Zulu, mílímítà 28, ni mò ń kùn fún ogun Isandlwana tí àwọn Zulu bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní South Africa. Mo po dúdú mọ́ búráùn fún awọ ara wọn, mo wá ń fi funfun sí i díẹ̀díẹ̀ fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà. Gbogbo wọn dà bí ẹni tí eérú bò. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? T. A.*

Funfun yẹn ni. Ẹ tún jẹ́ kí n fi dúdú ẹ̀ẹ̀kan kún ẹ̀sùn náà, nítorí bí dúdú bá pàdé funfun nínú ọ̀dà, eérú ni wọ́n ń bí. Adúmáadán lẹ̀ ń wá, adúmáadán kì í sì í tàn sí funfun. Ẹ na apá yín síbi fèrèsé kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lórí egungun ọrùn ọwọ́ ń pọ́n díẹ̀, ó fẹ́ jọ àwọ̀ ọsàn. Ibi tó ṣókùnkùn lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ń fà sí aró.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ń fi búráùn tó ṣú, tó pọ́n díẹ̀, bí awọ bàtà àtijọ́, kun gbogbo ara. Tó bá gbẹ, màá mú búráùn yẹn kan náà, màá kán búlúù tó ṣú bí aró sí i ní ẹ̀kán kan, màá fomi là á títí yóò fi máa ṣàn, màá wá jẹ́ kó wọ inú kòtò ara: abẹ́ àyà, ẹ̀yìn orúnkún, ẹ̀gbẹ́ imú, àárín ìka. Lẹ́yìn náà, búráùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn díẹ̀ fún èjìká, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí imú àti orúnkún. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, àwọ̀ ọsàn náà pọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n lórí ibi tó yọ jù nìkan, kó má ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ dúró níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọwọ́ yín ń lọ sí ìgò funfun, ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ mu omi.

Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ fúyẹ́ ju ara yòókù lọ, àwọn tó ń ṣe ère sì máa ń na ọwọ́ wọn síta, nítorí náà ẹ má gbàgbé wọn. Ẹ má sì kun ogójì ènìyàn ní awọ kan ṣoṣo. Ẹ po búráùn mẹ́ta, ẹ pín ère yín sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn tí fánísì tí kì í dán, ìyẹn ohun tí a fi ń bo ọ̀dà kó má bàa ṣí, bá ti gbẹ, mo máa ń fi fánísì tó ń dán díẹ̀ tọ́ èjìká àti iwájú orí. Òógùn nìyẹn. Láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ ò bi mí. Nínú fọ́tò yín, gbogbo ogójì ló gbé apata funfun, gbogbo wọn ló sì ní òrùka isicoco lórí. Àwọn ọkùnrin tí ọba ti fún láyè láti gbéyàwó ló ń ní isicoco, àwọn ni apata funfun sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Àgbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn uThulwana, ọ̀wọ́ ọmọ ogun Zulu kan. Lọ́jọ́ 22 oṣù January, 1879, ẹ̀yìn ni wọ́n wà nígbà tí ìjà Isandlwana gbóná, wọ́n wá kọjá lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ibùdó Rorke's Drift nítòsí ibẹ̀ jà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ò tíì láya ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sáré wọ àgọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana, apata tó ṣú, dúdú tàbí búráùn tó ní àbàwọ́n, ló sì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Torí náà, ẹ fi mẹ́wàá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, wọn yóò wúlò fún ìjà kejì. Ẹ fi ọ̀bẹ gé òrùka orí àwọn yòókù, kẹ́ ẹ tún apata wọn kùn. Awọ màlúù ni apata, etí àbàwọ́n rẹ̀ kì í gún régé: ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà wíẹ́wíẹ́ síta létí àbàwọ́n náà, gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan bí irun ṣe ń sùn. Ó ń gba ìṣẹ́jú méjì lórí apata kan, ojú ibẹ̀ lèèyàn sì máa kọ́kọ́ wò.

*Àǹtí, ẹ gbà mí o. Alẹ́ àná ni mo fọ́n fánísì sí ọmọ ogun mi lẹ́yìn tí òjò dá. Ìgbà tí mo jí, gbogbo wọn ti funfun bí ẹni tí ìrì bò. Ṣé kí n bọ́ ọ̀dà wọn ni? F.*

Ẹ má bọ́ nǹkan kan. Mo bá yín kẹ́dùn, torí ó ti ṣe mí rí. Ọmọ ogun 48, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kùn wọ́n, àsìkò tí èèyàn fi ń ka ọgbọ̀n ni mo fi bà wọ́n jẹ́. Mo jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ fánísì kó tó gbẹ. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ ò mi agolo náà tó: lúbúlúbú kan wà nínú fánísì tí kì í dán, òun ló ń pa dídán, tó bá sì ti sùn sísàlẹ̀ agolo, á jáde ní ṣíṣùpọ̀. Ẹ ra fánísì tó ń dán, èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, kẹ́ ẹ fi kun ẹnì kan ní tínrín. Lọ́pọ̀ ìgbà, funfun náà á pòórá lójú yín, torí á dí gbogbo ojú ihò tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Tí ó bá ṣiṣẹ́ lórí ẹni yẹn, ẹ ṣe é fún gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tún wá fi fánísì tí kì í dán pa dídán náà.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ yìí, mi ò fọ́n nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ òjò. Mo ń mi agolo fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, mo ń jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ọwọ́ mi kì í dúró lójú kan, ère kan tí mi ò fẹ́ràn ló sì ń kọ́kọ́ gbà á. Ọmọ ogun olórí burúkú yẹn ti gba fánísì tó ìgbà ogún báyìí.

*Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì 000 torí pé òun ló kéré jù, ṣùgbọ́n ọ̀dà ń gbẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó dé ara ère, ó sì ti là sí méjì. Mo máa ń fi ẹnu pọ́n ọn lá kó lè ṣọnṣo. D.*

Káàsán, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ná. Láti 1917, ní New Jersey ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin kan wà tó ń fi ọ̀dà rédíọ́mù, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, kun ojú aago kó lè máa tàn lóru, àwọn ọ̀gá wọn sì ní kí wọ́n máa fi ètè ṣọnṣo búrọ́ọ̀ṣì wọn. Egungun àgbọ̀n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹrà, àwọn kan kú. Kò sí rédíọ́mù nínú ọ̀dà tìrẹ, ṣùgbọ́n èròjà inú àwọn ọ̀dà kan kò yẹ kó wọ ikùn. Yí ẹnu rẹ̀ lórí tíṣù tútù, á ṣọnṣo bákan náà.

Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ kékeré, ẹnu tó mú ló ń ṣe é. Ikùn búrọ́ọ̀ṣì 000, ibi tó ń gbé ọ̀dà, kéré, ọ̀dà tó lè gbé kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi ń gbẹ lọ́nà. Ra nọ́ńbà 1 tàbí 2 tó ní ẹnu ṣíṣọnṣo. Irun ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní Kolinsky ló dáa jù, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí o fi í bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí ọ̀dà gòkè dé ibi irin tó di irun mú, ibẹ̀ ló ti ń gbẹ tó ń la irun sí méjì. Má fi í dúró lórí irun rẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù omi. Tó o bá parí, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́, kó o fi ìka ṣọnṣo rẹ̀ kó tó gbẹ. 000 tó là yẹn, má sọ ọ́ nù, á dáa fún ẹrẹ̀ ara bàtà.

Ṣe nǹkan kan sí i. Wá ike pẹlẹbẹ tó ní ìdérí, tẹ́ fóòmù tínrín sí i, bu omi sí i títí fóòmù á fi mu yó, kó o wá tẹ́ pépà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì lé e. Orí pépà yẹn ni kó o máa kán ọ̀dà sí. Omi á máa gba inú pépà gòkè díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà rẹ ò ní gbẹ fún wákàtí púpọ̀. Fi omi là á kó ṣàn bí wàrà, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì ní tínrín dípò ẹ̀ẹ̀kan tó ki, torí ọ̀dà kíki máa ń bo ojú àti ìka ère mọ́lẹ̀. Fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi.

*Ṣé mo lè fi acetone, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, bọ́ ọ̀dà ara ère ike? B. O.*

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún bí ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Acetone máa yọ́ ike. Ère irin nìkan ló lè rù ú. Fún ike líle, ọtí isopropyl ni: ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí mélòó kan nínú ife oníderí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á. Résìnì, irú ike mìíràn, máa ń ṣe ségesège, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ ẹsẹ̀ ère, níbi tójú ò tó.

*Ọmọ mi, ẹni ọdún 71 ni mí. Ojú mi ò mú mọ́. Àwọn ọmọ ogun mílímítà 15 ni mo ní, ẹyinjú wọn ò ṣeé kùn fún mi. Àwọn tí a jọ ń ṣeré ń sọ pé ọmọ ogun mi dà bí èyí tí kò parí. Àwọ̀ ewéko kan ṣoṣo ni mo fi kun pèpéle ẹsẹ̀ wọn. Bàbá A.*

Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Ẹ fi ẹyinjú sílẹ̀, sà. Ní mílímítà 15, ẹyinjú tí wọ́n kùn máa ń jẹ́ kó dà bí ẹni tó rí iwin. Ẹ jẹ́ kí búráùn tó ṣàn wọ kòtò ojú, ó parí. Mi ò kun ẹyinjú ọmọ ogun mílímítà 15 rí, kò sì sẹ́ni tó tíì bi mí.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín tọ̀nà, àmọ́ ibòmíràn ni wọ́n ń wò. Pèpéle yẹn ni. Tí èèyàn bá na ọrùn wo tábìlì látòkè, orí àti ilẹ̀ ló ń rí, ilẹ̀ yẹn sì ń gba àyè ju ara ère lọ. Iṣẹ́ ilẹ̀ ò tún béèrè ojú tó mú, ọwọ́ lásán tó o.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n ń lẹ igi kun pèpéle, kẹ́ ẹ rì í sínú iyanrìn tó kúnná, tí ẹ ti fọ̀ tó sì ti gbẹ. Ẹ sẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó lò ó, torí òkúta mílímítà 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogun mílímítà 15 kọjá orúnkún rẹ̀, àpáta ló dà yẹn. Kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi búráùn tó ṣú, tó ṣàn dáadáa, bò ó kó wọ gbogbo ihò. Tó bá gbẹ, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì gbàgbàdà, ẹ bọ̀ ọ́ sínú búráùn tó fúyẹ́, ẹ nù ún sára tíṣù títí kò fi ní fa ìlà mọ́, kẹ́ ẹ wá máa fi gbá orí iyanrìn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń gbọn eruku. Orí iyanrìn nìkan lá mú un. Ẹ tún fi àwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kó kéré sí ti àkọ́kọ́. Níbi tí mo bá dé báyìí, inú mi máa ń dùn, torí ilẹ̀ máa ń yọ lójijì.

Koríko ló kù. Ẹ má fi bo gbogbo rẹ̀. Ẹ kán gọ́ọ̀mù sí ojú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wọ́n koríko oníláìlọ́ọ̀nù mílímítà 2 lé e, ẹ dojú rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ fi ìka ta ìdí rẹ̀ kí koríko lè dìde. Súpàgúlúù ò dáa fún èyí, èéfín rẹ̀ máa ń fi funfun sílẹ̀ lára ọ̀dà tó wà nítòsí.

Etí pèpéle ńkọ́? Búráùn kan ṣoṣo, kó mọ́ tónítóní, kó sì bá aṣọ tàbí pátákó tẹ́ ẹ ń ṣeré lé mu. Ẹ kọ́kọ́ ṣe pèpéle kan lónìí, ẹ gbé e sáàárín àwọn tó kù lórí tábìlì, kẹ́ ẹ rìn sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Tí ọ̀kan yẹn bá ṣe bí ẹni tó fẹ́ rìn kúrò láàárín wọn, ẹ mọ iye tó kù fún yín láti ṣe, sà.