Ẹ Bi Bàbá Oníduùrù: "Orin Lòun Fẹ́ Kọ́ ní Yunifásítì"

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa. Ó ti ṣe WAEC, ó ní orin lòun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Bàbá ẹ̀ fárígá. Ó ní ẹnjiníà lòun fẹ́ kó ṣe, òun ò ní sanwó ilé-ìwé fún alágbe. Ọ̀gá akọrin wa wá ń sọ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Fẹlá Ṣówándé, tó ti ṣe irú ẹ̀ rí, tó sì là á já. Ṣé kì í ṣe Fẹlá Aníkúlápó náà nìyẹn? Nítorí bí mo bá dárúkọ ìyẹn fún ọkọ mi, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn o.
Ìyá Akọrin, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bí Fẹlá Aníkúlápó ní 1938, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Ṣówándé, ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń tẹ dùùrù jẹun. Àlùfáà Áńgílíkà ni bàbá Ṣówándé, tíṣà sì ni pẹ̀lú ní St Andrew's College, Ọ̀yọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ bá baálé yín sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún un pé ẹnjiníà gan-an ni Ṣówándé bá dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1930. Orin ló padà gbà á lọ́wọ́ ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ máa kọrin. Láti kékeré ló ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà ní Marina, l'Ékòó, lábẹ́ T. K. Ekundayo Phillips, ọ̀gá àwọn oníduùrù ayé ìgbà yẹn, òun ló sì kọ́ ọ ní dùùrù.

Mo ní láti dúró díẹ̀ síbí, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé dùùrù àti kíbọ́ọ̀dù dọ́gba. Dùùrù ńlá máa ń ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta tí ọwọ́ ń tẹ̀, ó tún ní ìlà onígi nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀, ojú ò sì gbọdọ̀ kúrò lára ìwé. Kò sí bọ́tìnì transpose níbẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀! Àwọn ọmọ wa, ẹnikẹ́ni tó bá dá orin lóhùn tó wù ú, transpose ni wọ́n máa tẹ̀, ìka wọn á sì máa lọ lójú kan náà tó ti mọ̀. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó lè ka nótì lórí staff, ìyẹn ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ orin sí. Bí kò bá lè kà á, ìjà òun àti bàbá ẹ̀ kò tíì tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣówándé mọ ọ́n kà, ó tún mọ èyí tí kò sí nínú ìwé. Ní 1936 ló jókòó sídìí pianó, tó tẹ Rhapsody in Blue, orin tí Gershwin ará Amẹ́ríkà kọ. Jáàsì ló fi ń gbọ́ bùkátà, ó tẹ dùùrù fún Adelaide Hall, akọrin jáàsì obìnrin, nínú àwọn àwo rẹ̀, síbẹ̀ ní 1943 ó yege ìdánwò Royal College of Organists, ẹgbẹ́ àwọn oníduùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di Fellow, ipò tó ga jù níbẹ̀. Àwọn aráalé mi nínú ìjọ ò fẹ́ gbọ́ apá jáàsì yẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni African Suite, 1944. Violin àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń lù ú, pẹ̀lú háàpù. Kò sí gángan, kò sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Orin àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Ephraim Amu ará Ghana ló ti yá ohùn rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, "Akinla", háílàìfù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí i lórí YouTube lálẹ́ tí ọkọ yín bá ti jẹun yó, ẹ má sọ nǹkan kan. Èjìká ẹ̀ á ti máa mì kó tó mọ̀. Folk Symphony tó kọ fún òmìnira 1960 tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n "Akinla" ni èmi máa ń padà sí.

Ẹ̀wẹ̀, bàbá ọmọ kò jẹ̀bi tán. Ẹ wo ibi tí owó ti ń wọlé fún Ṣówándé: ìjọ Kingsway Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti jẹ́ oníduùrù láti 1945 sí 1952, rédíò ìjọba nígbà tó padà wálé, Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà Howard, Pittsburgh àti Kent State ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohio ló kú sí ní 1987. Iṣẹ́ oṣù ló ń bọ́ ọ, kì í ṣe orin tó kọ sílẹ̀. Bákan náà ni Ayọ̀ Bánkọ́lé, òǹkọ orin bíi tirẹ̀, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Nítorí náà ẹ sọ fún ọkọ yín pé kì í ṣe alágbe lọmọ yín fẹ́ dà, olùkọ́ ni. Wọ́n ń kọ́ni lórin ní Yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Èkó. Kí ó tó lọ, kí ó wá tíṣà tó máa múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ABRSM, ìdánwò orin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ní ìpele 1 dé 8. Òde ìyàwó ọjọ́ Sátidé, kó má fi sílẹ̀. Owó ìwé wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mùsùlùmí ni wá ní Adéta, Ìlọrin. Ọmọbìnrin mi ní etí orin, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rí i pé wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ṣé ó pin síbẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Kò pin síbẹ̀ rárá. Akin Euba, òǹkọ orin ọmọ Yorùbá tóun náà kọ́ni ní Pittsburgh, odidi ìwé ló kọ lórí ìlù dùndún. Ṣówándé ọmọ àlùfáà fúnra rẹ̀ ṣèwádìí Ifá. Ìlọrin tiyín sì rèé, ìlú dadakúàdà, ìlú Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú: mélòó nínú ohùn orin wọ̀nyẹn la ti kọ sílẹ̀ ní nótì? Ẹ̀ka Performing Arts wà ní Unilorin tó bá dàgbà. Fún ìsinsìnyí, ẹ ra fèrè recorder fún un. Kò wọ́n, kò sì nílò iná mọ̀nàmọ́ná. Ṣùgbọ́n ẹ ra ìwé tó ń bá a rìn pẹ̀lú, kó má jẹ́ pé àfọkànmọ̀ nìkan ni yóò máa fọn.