Ilé Ìtajà Bàbá Wa: Ká Wó O Ni, àbí Ká Tún Un Lò?

Ẹ BI BÍRÍKÌLÀ ÀGBÀ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Bàbá wa àgbà kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí àárín Adó-Èkìtì, lẹ́bàá títì ńlá tó gba Ìjìgbò kọjá, ṣáájú òmìnira. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, pílà mẹ́jọ ló dúró láàárín, fèrèsé gíláàsì gbọọrọ sì wà níwájú. Kẹ̀kẹ́, àtùpà, abọ́ tánganran, àǹkárá àti bàtà ọmọ iléèwé ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Òkè ni wọ́n ń kó ọjà sí. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, eku àti àdán ló gba ibẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké méjìlá. Ìjọ kan sì fẹ́ gba òkè. Èmi fẹ́ kó di ibi tí a ó ti máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ aṣọ rírán. Ògiri ẹ̀yìn ti sán, pílásítà ń já bọ́. Ṣé ó ṣì lè dúró? Ẹ̀gbọ́n mi ní òkú ni mò ń sunkún lé lórí. (Ọmọ Onísọ̀, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Onísọ̀, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé pílásítà tó já kọ́ ló ń pa ilé. Mo mọ irú ilé tí ò ń wí. Ọdún tí mo wọ iléèwé girama, irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ti ra bàtà kánfáàsì fún mi. Mo ń wo ara mi nínú gíláàsì iwájú títí ó fi fà mí létí jáde.

Ẹni tó kọ́ irú ìsọ̀ yẹn fẹ́ kí oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sì rí ọjà dé ẹ̀yìn pátápátá. Ìdí nìyẹn tí kò fi pààlà sínú rẹ̀, tó fi gbé àjà rẹ̀ ga kí ooru lè rókè lọ. Máṣìnnì ìránṣọ ogún yóò rí ìmọ́lẹ̀ àti àyè níbẹ̀ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan ògiri. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, bí wọ́n bá wó o, ìpìlẹ̀, pílà àti dẹ́kìn tí bàbá yín ti san owó rẹ̀ ni wọ́n ó tún fi owó tuntun rà.

Ní Memphis ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Sears kọ́ ilé ràgàjì kan ní 1927, ìsọ̀ àti ibi ìkẹ́rùsí. Wọ́n tì í pa ní 1993, ó sì ṣófo ju ogún ọdún lọ. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i ní 2017, ilé ìwòsàn, ilé gbígbé àti ibi iṣẹ́ ọnà ló wọlé. Iléèwé girama tẹ̀ lé e ní 2018. Pílà tó gbé ẹrù Sears ló ń gbé gbogbo wọn. Nílé wa níbí, ẹ̀wọ̀n Broad Street l'Ékòó ti di Freedom Park láti 2010. Ibi tí wọ́n ti ń ti èèyàn mọ́lé, ijó ni wọ́n ń jó níbẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n má fọkàn tán ìwé ìjọba ju bó ṣe yẹ lọ. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinubu l'Ékòó, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o ní September 2016, lọ́jọ́ Sunday. Ìkéde kò dá kátápílà dúró. Àdéhùn gbogbo ọmọ bàbá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, òun ló lè dá a dúró.

Ó wá ku ti ògiri. Fi ọ̀bẹ gún ibi tí pílásítà ti já: ṣé amọ̀ ni àbí búlọ́ọ̀kù? Bó bá jẹ́ amọ̀, jọ̀ọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe yẹn rí, nígbà tí mò ń sọ ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó sí di iléèwé: mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀, ó dán bíi dígí, inú mi sì dùn. Omi tó wọ inú amọ̀ kò rọ́nà jáde mọ́. Nígbà òjò ọdún kejì, pílásítà náà ṣí bọ́ lódindi bí èèpo ẹyin. Mo fi owó ara mi tún un ṣe.

Ibi tó sán ńkọ́? Fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀, kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì dúró kí òjò kan kọjá. Bí gíláàsì bá fọ́, ògiri ṣì ń rìn, kí o pe ẹnjiníà kó wá yẹ ìpìlẹ̀ wò. Bí kò bá fọ́, ìbínú àtijọ́ ni.

Fi òòlù kéékèèké gbá àwọn pílà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Èyí tó bá dún gbuu, tàbí tí omi pípọ́n ń yọ lára rẹ̀, irin inú rẹ̀ ti dípẹtà. Irin tó dípẹtà máa ń wú, á sì bẹ kọ́ńkéré tó bò ó. Páànù tó ń jò ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, nítorí náà náírà àkọ́kọ́, orí òrùlé ni kó lọ.

Ìjọ yẹn, má tí ì gbà á. Òótọ́ ni pé òkè yẹn ti gbé abọ́ àti bàtà, ṣùgbọ́n ẹrù tó dúró jẹ́ẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń fò sókè pọ̀. Àwọn ẹnjiníà máa ń ṣírò ẹrù tí dẹ́kìn ọ́fíìsì yóò gbé sí bíi kílò 250 lórí mítà kan níbùú lóròó, ìsọ̀ sí 400, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jó sí 500. Ó sì dá mi lójú pé àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ (o kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n). Bí iná bá sọ nísàlẹ̀, ibo ni ìjọ yóò gbà? Kódà fún àwọn ọmọ aránṣọ rẹ, kọ́ àtẹ̀gùn kejì sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, páànù asbestos ló wà lórí ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń kó kòkó sí, tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ sọ di gbọ̀ngàn. Àwọn ọ̀dọ́ ti ní àwọn yóò fi òòlù fọ́ ọ lulẹ̀ ní Sátidé. (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ dá wọn dúró lónìí! Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè pẹ́ ju ogún ọdún lọ kó tó fara hàn. Èyí tí kò fọ́, tí kò sì jò, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá gbọ́dọ̀ kúrò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó tú u lódidi. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n bo imú àti ẹnu dáadáa, ká má sì fi ayùn rẹ́ ẹ. Ẹ kó òòlù wọn pa mọ́ títí Sátidé yóò fi kọjá.